Ọmọ mi kò rí pátákó mọ́: kí ló fà á, ṣé awò kò ní ba ojú rẹ̀ jẹ́?

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 11, kì í lè da ohun tó wà lójú pátákó kọ àfi tó bá dìde lọ síwájú kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ó ń ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ geere. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n ní kó máa lo awò, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀ pé awò ló ń ba ojú ọmọdé jẹ́. Kò sí ẹni tó lo awò láti kékeré nínú ẹbí wa. Ṣé ohun tó wọ́pọ̀ ni èyí, kí ló sì ń fà á?

Olùyẹ̀wò-ojú:
Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Àdùkẹ́. Iṣẹ́ mi nìyí. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019, nǹkan bí bílíọ̀nù 2.6 èèyàn ni wọ́n kà mọ́ àwọn tí kì í rí ohun tó jìnnà kedere. Ẹyinjú ọmọ tuntun gùn tó nǹkan bí mìlímítà 17, á sì máa dàgbà títí á fi tó bíi 24. Bí ó bá wá gùn kọjá bó ṣe yẹ, ìmọ́lẹ̀ á ti kóra jọ sójú kan kó tó dé awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, ohun tó jìnnà á sì máa ṣe bàìbàì. Mìlímítà 1 péré, tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju káàdì báńkì lọ, ti tó láti sọ ọmọ di ẹni tí kò ní dá ojú èèyàn mọ̀ ní òdìkejì títì.

Àjogúnbá wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ọmọ tó ń tẹjú mọ́ ìwé nínú ilé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọn kì í jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ló máa ń bá jù. Ní àwọn ìlú ńlá Ìlà Oòrùn Éṣíà, mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá tó ń parí ẹ̀kọ́ girama ló ní i. Ìdí nìyẹn tí Taiwan fi ń rọ àwọn ilé ìwé láti 2010 pé kí ọmọ máa lo ìṣẹ́jú 120 níta lójoojúmọ́. Awò kò ba ojú jẹ́ rárá, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ló ń tún ṣe. Nítorí pé ẹyinjú ọmọ ṣì ń gùn sí i ni nọ́ńbà awò ṣe ń yí padà, tí àwọn àgbà fi ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru awò.

Olùkọ́ kan:
Mo ti fìyà jẹ ọmọ kan rí nítorí èyí, ó ṣì ń dùn mí. Gbogbo 8 tí mo bá kọ sí pátákó, 3 ló ń kọ sínú ìwé rẹ̀, mo sì rò pé àìfọkànsí ni. Ọjọ́ tí awò dé ojú rẹ̀, ó wo igi máńgòrò ìta fèrèsé títí, ó ní òun kò mọ̀ pé ewé rẹ̀ ṣeé kà.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ ṣé púpọ̀. Ìyá ọkọ mi fúnra wọn, ṣe ni wọ́n ń na Bíbélì jìnnà sójú kí wọ́n tó lè kà á. Ṣé ohun kan náà ni?

Olùyẹ̀wò-ojú:
Rárá o. Lẹ́ńsì inú ojú ló ń le bí èèyàn bá ti ń kọjá 40 ọdún, tí kò fi lè rọ̀ dáadáa mọ́ láti wo ohun tó súnmọ́. Ẹ mú àwọn àti Àdùkẹ́ lọ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì yẹ ìfúnpá inú ojú wọn wò pẹ̀lú, nítorí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma sábà máa ń ba ojú àgbàlagbà jẹ́ láìsí ìrora kankan.