Ọyẹ́ ti dé o: kí ni mo lè ṣe fún ìyá mi?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni a wà, ní agbègbè Tákì. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kùrukùru ti ń bo ojú ọ̀run láàárọ̀, tí ètè ń là. Síbẹ̀, kò sí ìgbà tí mo fẹ́ràn tó o láàárín ọdún.

Ìyá mi ti lé ní ọdún 70. Láti kékeré wa ni a ti máa ń jí yáná lẹ́yìnkùlé nígbà ọyẹ́. A ó jókòó yí iná ká, a ó máa mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Ìdí iná yẹn ni wọ́n ti máa ń pa ìtàn fún wa. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, wọ́n ń wúkọ́. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ń yọ wọ́n lẹ́nu, èéfín tún wá kún un. Mo ní kí wọ́n máa jókòó sínú ilé, wọ́n sì dákẹ́ títí di ọ̀sán. Ó dùn mí gan-an.

Mo ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀, mo ti ra súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀. Aládùúgbò kan ní kí n gbé iná èédú sí yàrá wọn. Rárá o, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ lè pa èèyàn sójú oorun.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe é fún àwọn àgbà yín? Ṣé kí a máa yá oòrùn ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, kí n gbé ẹ̀kọ àti àkàrà náà lọ bá wọn níbẹ̀? Kí ni mo lè fi bo imú wọn tí kò ní há wọn mọ́?