Ọ̀fìnkìn wọlé wa, ọmọ jòjòló àti Màmá àgbà ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

IyaTunde_Ketu: Ẹ kú ilé o. Túndé, ọmọ ọdún 4, ló kó ọ̀fìnkìn wá láti ilé ìwé, imú ẹ̀ ń dà ṣoroṣoro. Àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 2, ìyá ọkọ mi tó ti lé lẹ́ni 70 ọdún náà sì wà lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n ṣọ́ra fún fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní VRS (RSV lédè Gẹ̀ẹ́sì). Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò ní ran àwọn méjèèjì?

OmoSabe: Ẹ fi òróró díẹ̀ sí ọmọ nímú, á là. Ohun tí ìyá wa ń ṣe nìyẹn.

NoosiAjase: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òróró sí ọmọ nímú o, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní fámásì ni kí ẹ kán sí i kó tó mu ọmú. Ìyá Túndé, ọ̀fìnkìn lásán ni VRS máa ń jọ lára àgbà tó le, àmọ́ ọ̀nà èémí ọmọ oṣù 2 kéré gan-an, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀ ti dí i. Ẹ ká aṣọ ẹ̀ sókè kí ẹ wo àyà: tí abẹ́ ìhà bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tí ihò imú ń fẹ̀, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gun zémìjàn (ọ̀kadà) lọ ilé ìwòsàn lóru náà. Ẹ ka èémí fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, 50 sókè ti yá jù fún ọmọ oṣù 2. Antibáyótíìkì kì í pa fáírọ́ọ̀sì, ẹ má kàn lọ rà á.

IyaTunde_Ketu: Ha, Túndé kì í yéé fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu!

NoosiAjase: Ẹsẹ̀ ni kó máa fẹnu kò, lẹ́yìn tó bá ti fọ ọwọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ fọ ohun ìṣeré ẹ̀ náà, fáírọ́ọ̀sì yìí ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí nǹkan líle. Kí ọmọ má sùn níbi èéfín igi ìdáná. Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn?

IyaTunde_Ketu: Ikọ́ fée ni, ọjọ́ ti pẹ́.

NoosiAjase: Ẹ jẹ́ kí Túndé sùn níyàrá míì ná. Tí Màmá bá ń mí gúlegúle, ẹ gbé àwọn náà lọ.

BabaEwe_Paris: Lọ́dọ̀ wa ní Faransé, láti 2023 ni wọ́n ti ń fún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ Beyfortus tó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ VRS, tiwa gbà á ká tó gbé e délé. Ti aboyún wà, ti arúgbó náà wà. Ẹ bi wọ́n léèrè níbẹ̀.

IyaTunde_Ketu: Ẹ ṣé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èémí ọmọ náà, 42 ni. Túndé ń bínú pé a lé òun kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.