Ìdójútòfò òjò fún àgbàdo àrọ̀kúrò: kí la ó yẹ̀ wò kí á tó sanwó?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan wá bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, lẹ́yìn Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n ní bí òjò bá kọ̀ lórí àgbàdo àrọ̀kúrò, àwọn á sanwó láìsí pé ẹnikẹ́ni wá wo oko. Ohun tó wà nínú ìwé wọn nìyí: láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, bí àpapọ̀ òjò bá kéré sí mìlímítà 60, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bó bá jẹ́ 20 tàbí kó dín sí i, owó pé. ₦200,000 ni wọ́n kọ fún éékà kan, ₦20,000 la ó san. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, ta ló sì ń wọn òjò náà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Olùka_Òjò

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ yọ iye òjò tó rọ̀ kúrò nínú 60, ẹ fi 40 pín èyí tó kù (60 dín 20 ló bí 40 yẹn), kí ẹ wá fi ₦200,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí òjò bá jẹ́ 35, ó ku 25. 25 nínú 40 jẹ́ ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦125,000 nìyẹn. Bó bá jẹ́ 58, ₦10,000 péré ni, kò tó owó tí ẹ san.

Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo ẹgbẹ́ yékéyéké pé òǹkà òjò ni ìwé yìí ń sanwó lé lórí. Kò sanwó lórí àdánù oko. Àgbàdo lè gbẹ tán kí kọ́bọ̀ má jáde, ó sì lè yè kí owó wọlé. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń ka òjò ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú.

Bó bá jẹ́ ìwọ̀n òjò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni, ẹ béèrè ibi tó wà gan-an. NiMet, àjọ ìjọba tó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́, ní ibùdó ní Abẹ́òkúta, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, náà ní tirẹ̀ ní Alábàtà. Òjò àrọ̀kúrò a máa rọ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ kí eruku máa sọ ní abúlé kejì. Oko tó bá jìnnà sí ìwọ̀n náà, àfi oríire ló lè mú kí òǹkà rẹ̀ bá a mu.

Bó bá jẹ́ sátẹ́láìtì ni, ẹ béèrè orúkọ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń lò. CHIRPS, fún àpẹẹrẹ, ti ní òǹkà láti ọdún 1981, ó sì pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 5 ààbọ̀. Gbogbo oko tó bá wà nínú igun kan, òǹkà kan náà ni wọ́n ń gbà. Bí orí ìkúukùu ṣe tutù tó ni sátẹ́láìtì fi ń fojú díwọ̀n òjò, wọ́n á wá fi òǹkà ìwọ̀n orí ilẹ̀ tún un ṣe. Ìkúukùu gíga tó tutù ṣùgbọ́n tí kò rọ̀ lè mú kí ìwé kọ òjò tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ìyá_Àgbàdo

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi á fi ti ọjọ́ kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Àgbàdo tó ń gbó ní nǹkan bí 90 ọjọ́ máa ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 50 ọjọ́ lẹ́yìn gbígbìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà tí irun ọmọ rẹ̀ yọ àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni òùngbẹ ń pa á jù; ọ̀dá tó bá bọ́ síbẹ̀, ọmọ tí kò léyín ló ń bí. Èyí tí ẹ gbìn ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ á yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, ó bá ìwé yín mu. Bí ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ bá wá pẹ́, tí ẹ ò rí ilẹ̀ gbìn títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni á yọ, àsìkò inú ìwé yín ti kọjá. Kí wọ́n yáa kọ ọ́ pé ìgbà tí òjò tó tó gbìn bá ti rọ̀ ni kí kíkà bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n fún yín ní àsìkò méjì kí ẹ yan ọ̀kan.

Èkejì: àpapọ̀ òjò ń tanni jẹ. Òjò 65 lè rọ̀ lóru ọjọ́ kan, kó ṣàn lọ sódò, kí ilẹ̀ wá gbẹ fún ọjọ́ 19. Nínú ìwé yín, ó ti ju 60 lọ, kò sí owó. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí òjò ọjọ́ kan, bóyá kí wọ́n má kà ju 40 lọ lóòjọ́, tàbí kí wọ́n máa ka iye ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ léraléra.

Aṣírò_Owó

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ mi ò rò pé kí ẹ torí ẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ náà kọ iye tí ìwé yìí ì bá ti san lọ́dọọdún fún 20 ọdún sẹ́yìn. Òǹkà wà, wọ́n lè ṣe é. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi 20 pín in. Bó bá jẹ́ ₦12,000 lọ́dún lórí ₦20,000, 60 kọ́bọ̀ nínú náírà kọ̀ọ̀kan ló ń padà. Kí ẹ wá fi ọdún tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ọ̀dá dá wé ọdún tí wọ́n ní àwọn ì bá sanwó. Bí kò bá bára mu, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé 60 yẹn sókè, tàbí kí wọ́n yí ọjọ́ padà.

Ẹ má dójútòfò iye tí ẹ retí láti tà. Owó irúgbìn, ajílẹ̀ àti iṣẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, owó sísan á dín. Bí Kilimo Salama, ètò ìdójútòfò àwọn àgbẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 2009 nìyẹn: irúgbìn àti ajílẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́.

Ẹ̀gẹ́ kò bá irú ìwé yìí mu, torí ó ń fara da ọ̀dá ọlọ́sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí iná, kòkòrò tàbí àgbàrá ń bà lẹ́rù, kó lọ béèrè ìdójútòfò oko ti NAIC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń dójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀, níbi tí ìjọba ti ń san ìdajì fún àwọn irúgbìn kan. Àmọ́ ẹ ó tètè fi àdánù tó wọn létí o, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá wo oko.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Níbi ìforúkọsílẹ̀, kí ló ń bàjẹ́ jù?

Olùka_Òjò

Ibi tí oko wà. Ẹ dúró láàárín oko kí ẹ tó tẹ fóònù tó ń fi nọ́ńbà méjì sọ ibi tí oko wà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ nílé ìpàdé. Ní agbègbè wa, nọ́ńbà tó fi 7 bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣáájú, èyí tó fi 3 bẹ̀rẹ̀ ló ń tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá gbé wọn lódì, orí òkun ni oko yín bọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, kí orúkọ tó wà lórí báǹkì, BVN àti ìwé ìdójútòfò jẹ́ ọ̀kan náà. Kí owó sì ti wọlé kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì: lábẹ́ òfin wa, ìdójútòfò tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ fi ìwọ̀n òjò tirẹ̀ síta. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún láti ìdí dé ẹnu ti tó, pẹ̀lú rúlà. Bí omi inú rẹ̀ bá ga tó mìlímítà 10, òjò 10 nìyẹn. Bí igi bá ga mítà 5, kí agolo jìnnà sí i tó mítà 10. Láàárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ máa kà á, kí oòrùn má tíì fà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dà á nù. Kò lè mú wọn sanwó lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n òun lẹ ó gbé kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà ti ọdún tó ń bọ̀.