Igbà ni mo fi ń gun ọ̀pẹ. Kí ni kí n fi gun máńgòrò àti ìrókò?

Ọmọ Akọ̀pẹ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Akọ̀pẹ ni bàbá mi ní agbègbè Ìkirè, òun ló sì fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè gòkè mọ́. Láti ọmọ ọdún 16 ni mo ti ń gun ọ̀pẹ, mo sì ti pé ọdún 28 báyìí. Igbà tí bàbá mi kọ́ mi láti hun ni mò ń lò, kò sì já mọ́ mi lára rí.

Ohun tó gbé mi wá ni pé láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn onílé ní Ìbàdàn ti ń pè mí pé kí n wá bá wọn gé ẹ̀ka igi inú ọgbà wọn: máńgòrò tó ti na apá lé òrùlé, igi furúùtù tó ń da ewé dí ojú gọ́tà, àti ìrókò kan báyìí ní Bódìjà tí ẹni tó ni ilé fẹ́ kí n gé ẹ̀ka mẹ́ta kúrò lára rẹ̀ láìwó igi náà. Owó rẹ̀ dára ju ti ọ̀pẹ lọ, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, mo gun máńgòrò kan dé ibi tí igi ti pín sí méjì, igbà kò sì lè kọjá níbẹ̀. Mo bá tú u, mo gbé e kọ́ èjìká, mo fi ọwọ́ òsì di ẹ̀ka mú, mo sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣá igi. Ibẹ̀ ni àwọn èèrà pupa ti tò wá sí apá òsì mi láti ìka dé abíyá, wọ́n ń jẹ mí, n kò sì ní ọwọ́ kẹta tí mo lè fi gbọ̀n wọ́n dànù. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, n kò lè dìde nídìí igi náà fún ìgbà pípẹ́.

Mo lọ sí ọjà. Ẹni tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ fi bẹ́líìtì kan hàn mí, ó ní okùn èjìká àti òrùka irin kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn. Ó ní òun ni àwọn tó ń kọ́ ilé alájà ń wọ̀, ó sì fẹ́ ta okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn fún mi. Ẹlòmíràn tún fi fídíò ẹ̀rọ onírin kan tí wọ́n fi ń gun àgbọn ní Íńdíà ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n ra èyíkéyìí nínú wọn? Àbí kí n pa igbà tì pátápátá?

Bàbá Onígbà fèsì:

Ọmọ mi, o káre tí o béèrè kí o tó náwó. Mo ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní apá Òkè-Igbó, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé igbà kò ṣẹ̀ ọ́. Ibi tí o gbé e lọ ni kì í ṣe ibi tirẹ̀. Igi tó dúró gbọnrangandan láìní ẹ̀ka ni igbà mọ̀. Bí o bá fẹ̀yìn tì í, ìwúwo ara rẹ ni ó ń fà á mọ́ igi, tí ẹsẹ̀ rẹ sì ń ti igi padà. Ìgbà tí o bá sún mọ́ igi láti jù ú sókè, kò sí ohun tó mú ọ mọ́ àfi ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí akọ̀pẹ tó mọṣẹ́ kì í fi í ju igbà jìnnà lẹ́ẹ̀kan. Ní kété tí o bá dé oríta ẹ̀ka máńgòrò, iṣẹ́ igbà ti tán, o sì ti di ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán wá oúnjẹ.

Ní ti ọ̀pẹ, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọ́ láti jù ú nù. Kí n tó gun ọ̀pẹ àkọ́kọ́ lówùúrọ̀, mo máa ń ká igbà mi láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun láàárín ọwọ́ méjèèjì, mo sì máa ń tẹ́tí sí i. Èyí tó ti gbẹ jù máa ń dún bí igi ìdáná tó ń ṣẹ́. Èyí tó ti jẹrà nínú máa ń rọ̀ lójú kan, bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìdí kókó ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ ni omi ń fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń fi í yí igi ká ní ilẹ̀, tí n ó gbé gbogbo ara mi lé e kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀. N kì í yá ẹnikẹ́ni ní igbà mi, ìyàwó mi kò sì gbọdọ̀ fi di ẹrù igi.

Ẹ̀rọ Íńdíà yẹn, ọmọ mi kan gbé irú rẹ̀ wá láti Èkó, a sì gbìyànjú rẹ̀ lára ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé. Kò ga ju orí mi lọ tó fi há sí ara àwọn kùkùté imọ̀ tí a ti gé láti ọdún pípẹ́. Igi tí ara rẹ̀ dán ni ó wà fún.

Ní ti ìrókò, o mọ ohun tí àwọn baba wa máa ń sọ nípa rẹ̀. N kò ní dá sí ìyẹn.

Agégi Ìlú Ọba fèsì:

Bàbá Onígbà, mo júbà o. Àbúrò, mo kí ọ. Èmi náà gun ọ̀pẹ nílé nígbà èwe, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún 11 tí mo ti ń fi igi gígé jẹun ní gúúsù Ìlú Ọba. Òótọ́ ni ohun tí Bàbá sọ nípa ẹ̀rọ yẹn: ní Kerala ní Íńdíà, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbọn, Coconut Development Board, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́, títí kan àwọn obìnrin, láti fi í gun àgbọn ní ọdún 2011, nítorí pé àwọn tó ń gun àgbọn ti ń dínkù. Fún máńgòrò, kò wúlò rárá.

Má ra bẹ́líìtì tí wọ́n fi hàn ọ́ lọ́jà. Kì í ṣe pé ó burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbá ẹni tó já bọ́ mú. Òrùka ẹ̀yìn yẹn kò lè gbé ọ jókòó ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ kò sì ní tó o bí o bá so rọ̀. Ẹni tó bá so rọ̀ láìmira, ẹ̀jẹ̀ máa ń dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè dákú láìpẹ́. Èyí tí àwa agungi ń wọ̀ máa ń yí ìbàdí àti itan méjèèjì ká, ó ní òrùka ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó sì ní ibi ìsokùn níwájú, nísàlẹ̀ ìdodo, tó fi jẹ́ pé bí ìgbà tí èèyàn jókòó sórí àga ni. Wo lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ ọn: ó yẹ kí o rí EN 813 àti EN 358 níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà ààbò ti Yúróòpù, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá ti gé lébẹ́ẹ̀lì náà kúrò, dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Okùn ọ̀rá búlúù yẹn, fi so ewúrẹ́. Oòrùn máa ń jẹ ẹ́, bí ó bá sì ń fi ara ha ara kíkankíkan, ó máa ń yọ́. Okùn agungi ní inú, ó sì ní èèpo tí wọ́n hun bò ó, kì í sì í nà púpọ̀. EN 1891 irú A ni kí o béèrè fún. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 11 sí 13 ló rọ ọwọ́ lọ́rùn. Bí irú okùn bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ lè gbé nǹkan bíi kílò 2,200. O lè ní èèyàn tó wọn kílò 80 kò nílò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo kókó tí o bá so ló ń jí lára agbára okùn, ìjábọ́ díẹ̀ sì máa ń sọ ìwúwo èèyàn di ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn ìkọ́ irin tí o fi ń so okùn mọ́ bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ti ara rẹ̀, tí ó sì gba ọwọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó ṣí.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Láti ilẹ̀, a máa ń ju àpò kékeré tó wúwo, tí a so mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, gba oríta ẹ̀ka tó lágbára nítòsí àárín igi, a ó sì fi í fa okùn gidi kọjá. Èmi àti ẹnìkejì mi máa ń so ara wa mọ́ ọn pọ̀ nílẹ̀, kí a mọ̀ bóyá ẹ̀ka náà yóò gbé wa. Láti ìgbà náà, òkè ni ohun tó mú ọ wà, ọwọ́ rẹ méjèèjì sì ti ṣófo fún èèrà. Kí abẹ tó kan igi, a máa ń fi okùn kúkúrú kejì yí igi tàbí ẹ̀ka ká láti ìbàdí dé ìbàdí, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá gé, èkejì ṣì wà. Bí o bá wo okùn kúkúrú yìí dáadáa, igbà bàbá rẹ ni. Wọ́n fi wáyà irin sínú tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ agégi lè gé e síbẹ̀.

Nítorí náà, fi àdá sílẹ̀ nílẹ̀. Okùn tó ti le nítorí ìwúwo rẹ kò nílò ju kí ẹnu àdá kàn án lọ. Ayùn ọlọ́wọ́ tó tẹ̀ díẹ̀ ni kí o máa gbé gòkè. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta bàtà onírin ṣóńṣó fún ọ láti fi gun igi tó ṣì máa wà láàyè: yóò dá egbò sí i lára, ti ọ̀pẹ ló sì burú jù, nítorí pé ara ọ̀pẹ kì í bo ojú egbò rẹ̀ bí ti ìrókò.

Ti òkìrìkà ńkọ́? O lè rà á bí o bá mọ ẹni tó lò ó. Níbí, òfin ọdún 1998 kan ní kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ ohun èlò agungi wò fínnífínní ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ìwé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà. Okùn tí ásíìdì bátìrì bá ta sí nínú búùtù ọkọ̀ lè dàbí tuntun lójú.

Ìyá Elépo fèsì:

Ẹ kú ọpọlọ o. Èmi kò gun igi rí, epo ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Akọ̀pẹ kan tó ń gé ẹyìn fún mi já bọ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn nítorí agbọ́n tó tú sí i lójú. Òun nìkan ló lọ sóko. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i, kò sì gun ọ̀pẹ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ mi, mú ẹnìkan dání, ìbáà jẹ́ àbúrò rẹ, kí o sì ka owó rẹ̀ mọ́ iye tí o bá bu fún onílé.

Ní ti oko, mo ti gbin ọ̀pẹ àgíríìkì tí irúgbìn rẹ̀ wá láti NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Ìlú Bìní. Ọdún kẹrin ni ó so. Ilẹ̀ ni a ti ń gé e. Nígbà tó bá ga díẹ̀ sí i, a ó máa fi dòjé tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn fa ìdì ẹyìn lulẹ̀. Àwọn ọ̀pẹ àtijọ́ nìkan ni mo ṣì ń wá onígbà fún.

Ọmọ Akọ̀pẹ fèsì:

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti pe ẹni tó ni ìrókò náà, mo ní kó fún mi ní oṣù mẹ́ta. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gbà. Igbà mi ṣì wà fún ọ̀pẹ. Ẹ̀gbọ́n Agégi, owó mi kò ní tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Ṣé mo sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo okùn náà láti inú fídíò?

Agégi Ìlú Ọba fèsì:

Bẹ́líìtì, okùn, ìkọ́ irin àti akoto, lápapọ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, má gòkè. Ayùn lè dúró díẹ̀. Fídíò lè fi bí wọ́n ṣe ń so kókó hàn ọ́, kò lè sọ fún ọ pé o so ó lódì. Wá ẹni tó ń ṣe é kí o sì lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí o tó gòkè gidi, máa so rọ̀ ní ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ti lè kan ilẹ̀, títí tí o ó fi lè di okùn náà, tí o ó sì tú u ní ojú dídì, kí àbúrò rẹ náà sì kọ́ bí yóò ṣe gòkè wá mú ọ sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá fẹ́ rà á láti ibí, fi ìwọ̀n ìbàdí àti itan rẹ ránṣẹ́ sí mi. Orí ṣòkòtò iṣẹ́ ni kí o ti wọ̀n ọ́n.