Ìwé onídùúró ni carnet, kì í ṣe ìwé ìrìnnà

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá “ìwé ìrìnnà ọkọ̀” lábàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún carnet de passages, ìwé tí ọlọ́kọ̀ ń fi han kọ́sítọ́ọ̀mù bó bá ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ẹnubodè, mo kí yín o. Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà là ń pe pásípọ́ọ̀tù èèyàn, kí ọkọ̀ náà ní tirẹ̀. Ó dùn létí, kò sì ṣòro rántí. Ṣùgbọ́n ará Àgbádárìgì ni mí, iṣẹ́ ìwé ọkọ̀ ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ̀ pé orúkọ yẹn á kó àwọn tó ń gun alùpùpù lọ sí ọ̀nà jíjìn sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ìwé náà ń ṣe. Bí èèyàn bá gun alùpùpù rẹ̀ wọ ìlú onílùú, lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, ọjà ló gbé wọlé, owó bodè sì ń bẹ lórí ọjà. Ta ló fẹ́ san owó bodè lórí alùpùpù tí kò ní tà, tó kàn ń gùn kọjá lọ? Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ nílùú rẹ̀ fi máa ń kọ carnet fún un. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń wí fún kọ́sítọ́ọ̀mù ìlú kejì ni pé: “Ẹ jẹ́ kó kọjá. Bí alùpùpù yìí ò bá jáde padà, ọ̀dọ̀ wa ni kẹ́ ẹ ti wá gba owó yín.” Ẹgbẹ́ náà ò sì ya òmùgọ̀. Wọ́n á ti gba owó ìdógò tàbí ìwé tí báǹkì fi dúró fún un lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọdún kan ni ìwé náà ń lò.

Nínú gbogbo èyí, ibo ni ìrìnnà wà? Ọ̀rọ̀ gbèsè ni látòkè délẹ̀.

Ẹni tó bá gbà pé ìwé ìrìnnà ló wà lọ́wọ́ òun, bó bá ti wọlé tán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bà jẹ́. Ojúewé carnet kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta. Kọ́sítọ́ọ̀mù á ya ti ìsàlẹ̀ nígbà tí alùpùpù bá ń wọlé, wọ́n á ya ti àárín nígbà tó bá ń jáde. Ti òkè kì í kúrò nínú ìwé, orí rẹ̀ sì ni òǹtẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, ti ìwọlé àti ti ìjáde. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gbé igi ojú ọ̀nà sókè fún, tó juwọ́ sí wọn, tó wọ́nà, tí kò yà sí ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù rárá. Nínú ìwé, alùpùpù rẹ̀ ò tíì kúrò nílùú yẹn. Wọ́n lè sọ pé ó ti tà á, kí owó ìdógò rẹ̀ sì bá a lọ.

Ẹ tún wò ó: ẹni tó ń yẹ carnet wò kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ojú ẹni tó gun alùpùpù. Á bẹ̀rẹ̀, á tan iná fóònù sí ọrùn alùpùpù níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣásí sí. Bí ẹrẹ̀ bá ti bò ó, wọ́n á ní kí onítọ̀hún wá àkísà nù ún. Ẹnì kan á máa ka nọ́ńbà náà sókè, ẹnì kejì á máa fìka tọ̀ ọ́ lórí ìwé. Bí 8 bá lọ di B nínú ìwé, ẹ wá ibi jókòó sí, ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀.

“Ìwé onídùúró ọkọ̀” lèmi ń pè é. Bí wọ́n bá mú ọmọ ẹni lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a máa ń wá ẹni tó máa dúró fún un. Bí ọmọ bá sá, onídùúró ni wọ́n á dì mú. Kò sí àgbàlagbà tó máa gbọ́ “onídùúró” tí kò ní béèrè pé, “Títí dìgbà wo? Báwo ni wọ́n ṣe máa tú u sílẹ̀?” Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó mú carnet dání máa bi ara rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àbúrò wa kan ti wá sọ pé “onígbọ̀wọ́” bóde mu ju “onídùúró” lọ. Òótọ́ ni, ó ti bóde mu jù. Lórí rédíò lónìí, onígbọ̀wọ́ ni ilé iṣẹ́ tó sanwó fún ètò. Bí ẹ bá sọ pé alùpùpù ní onígbọ̀wọ́, wọ́n á rò pé wọ́n ń gbé e lọ síbi ìdíje ni.

Èyí tó kàn mi jù lẹ́yìn ìyẹn ni “ọ̀kadà” tí ẹ̀ ń kọ káàkiri. Ẹ jọ̀ọ́, alùpùpù ni kẹ́ ẹ kọ. Ọ̀kadà ti di ọkọ̀ èrò, bí zémidjan ṣe jẹ́ ní Kútọnú. Nínú àdéhùn ECOWAS ti 1979 lórí ìwọlé-wọ̀de, ọkọ̀ tara ẹni lè lo 90 ọjọ́ nílùú kejì, ọkọ̀ akérò ò lè ju 15 ọjọ́ lọ, wọn ò sì fún un láyè láti ṣòwò níbẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ fẹnu ara yín gé ọjọ́ yín kúrú níwájú tábìlì kọ́sítọ́ọ̀mù?

Fún ọkọ̀ tí wọ́n gbà wọlé fúngbà díẹ̀, “ọkọ̀ àlejò” tí ẹnì kan mú wá tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá, mi ò ní fi kún un. Àdéhùn kan náà ní kí ọkọ̀ àlejò mú ìwé àṣẹ awakọ̀ wá, àti ìwé ẹni tó ni ín, àti ìwé adójútòfò, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí ECOWAS mọ̀.

Ti adójútòfò yẹn ni Brown Card, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnú ní 1982. Mo rí i tí ẹnì kan pè é ní “káàdì aláwọ̀ ilẹ̀”. Ẹ fi Brown Card sílẹ̀ bó ṣe wà! Kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí ẹ̀ ń wí ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó sì dúró pẹ́.

Ó wá ku laissez-passer, ìwé pélébé tí ẹni tí kò ní carnet máa ń sanwó gbà lẹ́nubodè àwọn ìlú tó ń sọ Faransé, tó ní iye ọjọ́ tó ń lò. Ìwé yẹn ò ní onídùúró kankan, torí náà orúkọ tí mo dá ò bá a mu. “Ìwé jẹ́-n-kọjá” ló ń wá sí mi lẹ́nu, àmọ́ ó ń ṣe mí bí ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìdìrókò àti Ṣakí kọjá, kí làwọn èèyàn ibẹ̀ ń pè é?