Súnámì Jàpáánì ọdún 2011: kí ló dé tí ìròyìn NHK àti ti CNN kò fi jọra?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ̀yin ará, mo kí i yín o. Mo ń fi bí NHK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ti Jàpáánì, ṣe ròyìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti súnámì ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011 wé bí CNN ti Amẹ́ríkà ṣe ròyìn rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní NHK, àwòrán ilẹ̀ Jàpáánì wà ní igun tẹlifíṣàn, àwọ̀ ìkìlọ̀ ń ṣẹ́jú ní gbogbo etíkun tí omi lè ya bò, olùkàròyìn sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní CNN, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ iná núkílíà Fukushima Daiichi fi bo ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí omi gbé lọ mọ́lẹ̀. Ṣé owó ló fa ìyàtọ̀ yìí ni, àbí àṣà?

Àjọkẹ́
Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí owó tí àwọn ìdílé ń san ni NHK fi ń ṣiṣẹ́, kì í gba ìpolówó ọjà; ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ló fà á jù. Ará Sendai, ìlú tó wà ní agbègbè tí omi ti ya wọlé, fẹ́ mọ ìgbà tí omi máa dé àti òkè tó lè sá gùn. Ẹni tó jókòó sí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ìlú CNN, kò ní ibì kankan tó ń sá lọ; ìran ló ń wò. Kódà, àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ, níbi tí omi ẹlẹ́rẹ̀ dúdú ti ń gbá ilé àti ọkọ̀ lọ lórí oko ní ìlú Natori, láti inú hẹlikópítà NHK ló ti wá.

Alàgbà Táíwò
Ẹ má yin NHK jù, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kà jáde sọ pé omi yóò ga tó mítà 6 ní ìpínlẹ̀ Miyagi, mítà 3 péré ní ìpínlẹ̀ Iwate àti Fukushima. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ ọ́ di mítà 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná ti lọ ní ọ̀pọ̀ ìlú etíkun. Ta ni yóò wo tẹlifíṣàn? Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn kò lè lé ẹni tó ń lọ́ra jáde nílé, àwọn NHK fúnra wọn sì rí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ilẹ̀ mì ní Noto ní Jàpáánì ní ọjọ́ kìíní ọdún 2024, igbe ni obìnrin olùkàròyìn NHK ń ké pé kí wọ́n sá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má padà sẹ́yìn, kí wọ́n rántí ti 2011. Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn, ní lẹ́tà tó rọrùn tí ọmọdé lè kà.

Àjọkẹ́
Òótọ́ ni, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Fukushima kún un, nítorí níbẹ̀ ni mi ò ti lè dá CNN lẹ́bi tán. Nígbà tí ilé ẹ̀rọ núkílíà kìíní ní Fukushima Daiichi bú gbàmù lọ́jọ́ kejì súnámì náà, Fukushima Central Television, tẹlifíṣàn agbègbè lásán, ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì gbé e jáde fún àwọn ará ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan kí ìyókù Jàpáánì tó rí i. Àwọn oníròyìn òkèèrè tí wọ́n ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ núkílíà náà sọ àsọdùn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Tokyo ń lọ́ra láti béèrè.