Líìgì Whot: báwo la ṣe máa ṣe é tí ò fi ní rẹ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ jẹ?

Ọmọ Ìṣokùn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ líìgì Whot, eré káàdì yẹn, ládùúgbò wa n'Íléṣà. Èèyàn 16 ti forúkọ sílẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn dáńgájíá, àmọ́ àwọn mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ tí káàdì 14 ń ṣe ni, ìyẹn general market, tó ń mú káwọn yòókù fa káàdì. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọ́n bá ń nà wọ́n ṣáá, wọn ò ní padà wá. Ṣé ká yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, àbí ká fún wọn ní ẹ̀bùn máàkì?

Ẹ̀gbọ́n Lágere: Ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí bí ọ̀gá ṣe ń di káàdì 2 mú, ìyẹn pick two tó ń mú kí ẹni tó kàn fa káàdì méjì, dìgbà tó máa dun èèyàn. Èèyàn 16 yẹn gan-an ló dáa: tábìlì 4, èèyàn 4 nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìjókòó 5. Gbogbo yín á pàdé ara yín lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ kọ 1 dé 16 sórí ìlà 4, mẹ́rin mẹ́rin. Ní ìjókòó kìíní, àwọn tó wà lórí ìlà kan náà ló máa ta pọ̀. Ní ìkejì, àwọn tó tò láti òkè wá sísàlẹ̀. Àwọn tó kù rèé:

Kẹta: 1-6-11-16, 2-5-12-15, 3-8-9-14, 4-7-10-13
Kẹrin: 1-7-12-14, 2-8-11-13, 3-5-10-16, 4-6-9-15
Karùn-ún: 1-8-10-15, 2-7-9-16, 3-6-12-13, 4-5-11-14

Màmá Ìbejì: Ẹ̀bùn máàkì ò lè ṣe é o. Káàdì Whot kan ṣoṣo tó bá kù síni lọ́wọ́, 20 ni wọ́n á kà síni lọ́rùn; nọ́ńbà ara ìràwọ̀ náà ń di ìlọ́po méjì. Máàkì 10 tẹ́ ẹ fún un á kàn wọmi ni. Iye káàdì tẹ́ ẹ máa pín ni kẹ́ ẹ fi ṣe é: ọ̀gá 6, àwọn àárín 5, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ 4. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nídìí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ fi káàdì 1 kún tiẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ 1. Kò gbọ́dọ̀ ju 7, kò gbọ́dọ̀ dín ní 4, torí ẹni tó bá fi 3 bẹ̀rẹ̀ lè ta tán kí ọ̀gá tó ráyè dá ọgbọ́n kankan.

Tíṣà Modákẹ́kẹ́: Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni ẹni tó ń ta ṣáájú wọn. Òun ló ń sọ pick two lu èèyàn. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ara á tù ẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀gá, o wọ gàù. Ọ̀nà 6 péré lèèyàn 4 lè gbà jókòó yí tábìlì ká. Torí náà, ẹ pín káàdì lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní ìjókòó kan, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ àyè. Oníkálukú á jókòó tẹ̀lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì géérégé. Ẹ wá ro nọ́ńbà ara káàdì tó kù síni lọ́wọ́ ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ kéré jù gba 3, èyí tó tẹ̀ lé e 2, lẹ́yìn náà 1, ẹni ìkẹyìn òdo.

Ẹ máa ka káàdì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. 54 ni: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, Whot 5. Páàkì tí etí Whot ẹ̀ bá ti ká, ẹ jù ú nù. Àwọn ọ̀gá yín á ti dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ọmọ Ìṣokùn: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Tẹ́nì kan ò bá wá ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Lágere: Ẹ má fi ẹlòmíì dípò ẹ̀. Káwọn 3 tó kù máa ta á lọ, òdo ni tẹni tí ò wá. Nígbà tí líìgì bá parí, ẹ yọ ìjókòó tí máàkì oníkálukú ti kéré jù, kẹ́ ẹ ka 4 yòókù. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pín káàdì àkọ́kọ́ bóyá èèyàn lè fi 2 dá 2 padà, àti iye káàdì tí ẹni tí ò sọ "last card" nígbà tó ku káàdì kan sí i lọ́wọ́ máa fà lọ́jà. Ibẹ̀ nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.